Òkúta Ojú Títì Bàálù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sábọ́n Gàrí, kí n tó mọ ABD ni mo ti mọ̀ pé òkúta wẹ́wẹ́ lè ba bàálù jẹ́. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú Kano ni bàbá mi. Láràárọ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á tò ní èjìká sí èjìká, wọ́n á máa rìn lórí títì tí bàálù ń gbà balẹ̀, wọ́n á máa ṣa òkúta.

Bàbá gbé iṣẹ́ náà wálé. Lọ́jọ́ Sátidé, kí kókó àti kòsáì, ìyẹn ògì àti àkàrà àwọn Hausa, tó kàn wá lẹ́nu, àwa ọmọ á tò sí àgbàlá, a ó ṣà á mọ́ tónítóní. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́ Kano, ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń ta ni lẹ́sẹ̀. Ìyá wa á máa pariwo láti ilé ìdáná pé, “Kòsáì ti ń tutù o, ku yi sauri!” Bàbá kì í kánjú ní tirẹ̀. Bí òkúta kan bá ṣẹ́kù, ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá á jẹ ẹgba. Á ní, “Ẹ́ńjìnnì kì í bèèrè ẹni tó fi òkúta sílẹ̀, á kàn gbé e mì ni.”

Èmi náà dàgbà, mo di alábòójútó pápákọ̀ yẹn. Ìjọba wá kó gbogbo àṣẹ lọ sí Abuja. Gílóòbù kan kú, Abuja. Ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yọ, Abuja. Wọ́n dè mí lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n lúwẹ̀ẹ́! Inú ń bí mi, n kò ní purọ́.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọkọ̀ tó ń gbá títì náà bàjẹ́. Mẹkáníìkì tó lè tún un ṣe wà ní àdúgbò Brigade níbí, ṣùgbọ́n Abuja ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ, àṣẹ ò sì dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìjì gbá yangí sójú títì, bàálù tó kún fún èèyàn sì ti gbéra l’Ékòó. Mo pe gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan akọ̀wé, a tò ní èjìká sí èjìká.

“Ọ̀gá, eruku ń ba kóòtù ọrùn yín jẹ́ o!” ni ọ̀kan nínú wọn ń wí.

Mo ní kó máa ṣà á lọ. Bàálù náà balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Abuja pè mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni? Wọ́n ní ta ló fún mi láṣẹ. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé, ilé náà ni mo sì wà báyìí, ní àgbàlá bàbá mi.

Nígbà èwe wa, ẹni tó fi òkúta sílẹ̀ ni wọ́n ń nà. Lóde òní, ẹni tó ṣà á ni.