Ojú Ewé Tí Olúfúnmi Fò

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2010, ìjọba Japan gbé àtúnṣe jáde lórí àkójọ kanji, ìyẹn àwọn àmì ìkọ̀wé tí ará ìlú ń lò lójoojúmọ́. Àmì 2,136 ló wà nínú rẹ̀. Ní Oldham, ní England, ní January ọdún tó tẹ̀ lé e, Olúfúnmi rí iye yìí nínú ìwé tó yá ní láíbìrì, ó sì pa ìwé náà dé.

"Bàbá Àánú," ló sọ fún Akíndélé ọkọ rẹ̀, "àwọn èèyàn yìí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàwé."

Ṣùgbọ́n kò ríbi sá sí. Ilé ìkẹ́rùsí tí agency tó ń bá a wáṣẹ́ fi í sí ń kó ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ wọlé láti Japan. Àwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń fọwọ́ kọ orúkọ ẹrù sára páálí, ẹnì kan ṣoṣo tó lè kà á sì ti fẹ̀yìn tì ní Kérésì. Theresa, ọ̀gá wọn, kò fi bò: ní May, òṣìṣẹ́ agency kan péré ni wọn yóò gbà sí iṣẹ́ permanent, iṣẹ́ gidi tó dúró, ẹni tó bá lè ka páálí. Àwọn yòókù, ó dìgbà. Láti ọdún 2008 ni Olúfúnmi ti ń jí láàárọ̀ kó tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ wà lọ́jọ́ náà tàbí kò sí. Ó tún ìwé náà ṣí.

Oríṣi ìkọ̀wé mẹ́ta ni ará Japan ń pò pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Kanji ń gbé ìtumọ̀: àmì kan fún igi, òmíràn fún omi. Hiragana, àmì mẹ́rìndínláàádọ́ta, ń gbé ìró lásán, òun ló sì ń so ọ̀rọ̀ pọ̀. Katakana ń gbé ìró kan náà gan-an, àmọ́ ìrísí rẹ̀ rí ṣónṣó, igun igun. Ọ̀rọ̀ tó bá ti òkèèrè wọlé ni wọ́n ń fi í kọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ hiragana. Ó ní òun mọ irínwó kanji kí April tó parí; ìwé àjákọ rẹ̀ kò fi ju igba lọ hàn. Nígbà tó dé ojú ewé katakana, ó ṣí i kọjá.

"Ti àlejò nìyẹn," ó sọ fún Àbdùl, ọmọ Èkó tó ń wa forklift, ọkọ̀ agbẹ́rù, níbẹ̀. "Onílé là ń kọ́kọ́ kí. Ṣé mo lè kọ́ Japanese tán kí n tún wá máa ka Òyìnbó?"

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní May, container dé. Theresa ní kí Olúfúnmi ka ara páálí, kó fi ya ẹrù sọ́tọ̀ bí ìdánwò iṣẹ́ náà, kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán, ó lè lo ìwé tó bá wù ú. Títí dòní, Olúfúnmi ní páálí ọgbọ̀n ni; Àbdùl ní kò ju méjìlá lọ. Ìwé ìgbẹ́rù ọjọ́ náà sọ pé mẹ́rìndínlógún.

Ó wo páálí àkọ́kọ́. Kò sí kanji níbẹ̀, kò sí hiragana. Ó wo ìkejì, ó wo ìkẹta. Igun igun ni gbogbo wọn. Ẹ̀yà ọkọ̀ ṣáà ni, ọ̀dọ̀ Òyìnbó sì ni orúkọ wọn ti wá.

"Àǹtí, ṣé kò sí o?" Àbdùl ké sí i látorí forklift.

"Má pè mí, jọ̀ọ́."

Ó ṣí ojú ewé tó ti ń fò láti oṣù mélòó kan. Ó ń fìka tọ àmì kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Bu. Re. E. Ki." Ó tún un pè. "Bureeki." Lẹ́yìn náà ló fi igbe ta: "Bíréèkì!"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni Theresa bi í.

Mẹkáníìkì ni bàbá Olúfúnmi ní Ṣàgámù. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe ń pe orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ lábẹ́ mọ́tò. Ẹnu wọn kì í dé orí kọ́ńsónáǹtì kó dúró síbẹ̀. Wọ́n á fi fáwẹ́lì gbè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹnu ará Japan ń ṣe.

Páálí kejì: ponpu. "Pọ́ǹpù!" Ẹ̀kẹta: shirindaa. "Sílíńdà!" Àbdùl ti pa forklift, ó ti sọ̀ kalẹ̀, òun náà ń bá a pè é. "Àwọn ará Japan yìí, Mushin ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́!"

Ó ṣì ọ̀kan. Ó gbé rédíétọ̀ sọ́dọ̀ àwọn rédíò, Theresa fọwọ́ gbé e wò, ó ní rédíò kan kì í wúwo tó báyìí. Àwọn yòókù pé. Nígbà tí agogo méjìlá ku díẹ̀, Theresa kọ orúkọ Olúfúnmi sórí rota, ìwé ìtò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sì kọ agency sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Monday, agogo mẹ́jọ," ló sọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Olúfúnmi jókòó sórí páálí kan, ó pe Akíndélé níbi iṣẹ́ ní Stretford, ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Àánú, ọdún mẹ́fà lo fi ń gbààwẹ̀ fún ẹ̀bùn èdè àjèjì ní ṣọ́ọ̀ṣì Whalley Range. Ṣé èdè mẹkáníìkì ni Olúwa wá rò pé ò ń bèèrè?"