Àna Mi Tó Ń Tọ́ Èèpo Àgbọn Wò

Bí mo bá ti rí èèpo àgbọn, ahọ́n bàbá ìyàwó mi ni mo máa ń rántí. Ní Ajah, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, àna mi yìí ń fi ọwọ́ ara wọn tún àga ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣe nínú ọgbà wọn. Wọn kò fẹ́ fóòmù rárá. Fọ́nrán èèpo àgbọn tí wọ́n rẹ sínú ọ̀sà ni wọ́n ń kì sórí sípíríǹgì. Ṣùgbọ́n wọn a kọ́kọ́ fi omi kànga ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn a sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ a máa jẹ́ kí irin dípẹtà," ni wọ́n máa ń wí.

Orúnkún kò jẹ́ kí ìyá ìyàwó mi lè rìn jìnnà mọ́. Àna mi ti ṣèlérí pé ọkọ̀ náà ni yóò gbé wọn lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá.

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣan fọ́nrán ìkẹyìn. Ó rẹ̀ mí láti lọ sí kànga, mo bá ṣan án nínú ọ̀sà, mo ní omi kànga ni. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọn ò tọ́ ọ wò, wọ́n rán àga náà parí.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, wọ́n fi fọ́nrán tó ṣẹ́kù sẹ́nu, wọ́n tu ú dànù.

"Tíṣà! Ìwọ tó o ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́!"

Wọ́n fi bíléèdì ya gbogbo awọ àga náà, wọ́n sì fa fọ́nrán inú rẹ̀ jáde. Mo bínú, mo ní wọ́n ti le jù.

Lọ́jọ́ Iléyá, ọkọ̀ kò ní àga, ìyá ìyàwó mi jókòó sílé. Àna mi fẹsẹ̀ rìn lọ sí yídì. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn lójú ọ̀nà.

"Kànga yẹn ò jìnnà," ni wọ́n sọ, wọ́n sì kọjá lọ.