Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbálẹ̀ De Olùyẹ̀wò

Ẹ̀kọ kòkó Mùnírátù ti tutù, ó ti dì, àkàrà kóósè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń wò ó lójú. Sherifatu ìyá rẹ̀ pa á mọ́ra títí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ibi iṣẹ́ lò ń lọ ni àbí kóòtù?"

"Màámi, kóòtù náà ni."

Kò parọ́. Lọ́jọ́rú yẹn, olùyẹ̀wò kan ń bọ̀ láti Accra wá wo iṣẹ́ ọdún kan gbáko. Bó bá kọ ọ́ pé òun rí iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ kékeré tí Mùnírátù ń bá ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Vittin yóò rí ọdún tó ń bọ̀. Bí kò bá kọ ọ́, àwọn onígbọ̀wọ́ wọn ní òkè òkun á yọwọ́, ilẹ̀kùn á sì tì kí oṣù tó parí.

Iṣẹ́ wọn rọrùn láti sọ, ó kàn ṣòro láti gbà gbọ́ ni. Èèpo ìrẹsì tí àwọn ènìyàn máa ń dáná sun níta gbangba, tí èéfín rẹ̀ á bo gbogbo àdúgbò, àwọn a máa kó o sínú àgbá irin, wọ́n á rọra jó o títí yóò fi di èédú wẹ́wẹ́, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀ oko. Wọ́n ní èéfín tó ti pọ̀ jù lójú ọ̀run ló ń mú òjò ṣe ségesège, pé èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀ kò ní lè gòkè lọ mọ́. Abdul-Mumin, ọmọ Dagomba tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, lè fi wákàtí kan ṣàlàyé rẹ̀.

Mùnírátù fi iṣẹ́ tísà sílẹ̀ ní Changli wá síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ kò tíì dárí rẹ̀ jì í tán. Omi ló kọ́kọ́ ń rà fún wọn, tó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípàdé sílẹ̀. Láàrin ọdún méjì, ó ti di ọ̀gá àbójútó iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ọpiréṣọ̀n. Bí táyà bá jò, òun ni. Bí àgbá bá lu, òun ni. Bí àwọn obìnrin abúlé kò bá jáde nítorí pé ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́fà bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, òun náà ni. Sherifatu ní ìyá dókítà mọ ohun tí yóò sọ níbi ìsọmọlórúkọ, ìyá tísà náà mọ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá ní ọpiréṣọ̀n ni iṣẹ́ ọmọ tòun, ṣe ni wọ́n á máa kí òun pé Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ là á níkùn ni.

"Ṣe bísímílà, kó o mu ún," ni ìyá wí. "Bó o bá sì dé ibi tí irọ́ ti dùn lẹ́nu, rántí pé èmi ni mo fún ọ lọ́mú."

Mùnírátù mu kòkó ẹ̀ẹ̀mejì péré, ó dìde. Ìkrìmà, awakọ̀ wọn, ti ń tẹ họ́ọ̀nù níta.

Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n fi kọjá Kanvili, Mùnírátù ti ka àpò lọ́kàn tó ìgbà mẹ́ta. Ọgọ́ta àpò èédú, níwájú ilé Ayishetu ní abúlé, ike nọ́ńbà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan náà nínú fóònù rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n jó o. Ohun tí olùyẹ̀wò ń bọ̀ wá wò nìyẹn.

"Ẹsẹ̀ rẹ kò dúró sójú kan," ni Ìkrìmà wí. "Ṣebí o ti ránṣẹ́ sí wọn?"

"Mo sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Mo ní àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́jọ́rú, kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe dáadáa."

"Ó parí nìyẹn."

Kò parí o.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé abúlé. Abdul-Mumin yóò mú àlejò dé ní mẹ́wàá. Iwájú ilé Ayishetu ń dán. Wọ́n ti gbálẹ̀ títí ojú ìgbálẹ̀ fi hàn lórí iyẹ̀pẹ̀ bí ìlà ojú. Wọ́n ti fọ àgbá irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ti fi òrí pa wọ́n lára, wọ́n ń dán bí ìyàwó tuntun. Àwọn obìnrin méjìlá tí Mùnírátù kò rí láìní èédú lára rí jókòó sórí ẹní nínú aṣọ Jímọ̀. Àpò kankan kò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, ta ni í fo ìkíni? Ó kí wọn kú òtútù, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè àwọn awó tí wọ́n ń sìn. Ẹnu rẹ̀ ń kí, ojú rẹ̀ ń wá ẹ̀yìn ilé kiri.

"Màgájíyà," ló wí ní Hausa, nítorí Ayishetu ni olórí àwọn obìnrin náà, "àwọn àpò ńkọ́?"

Ayishetu rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń retí ìyìn. "A ti bò ó mọ́lẹ̀. Ṣebí ìwọ lo ní inú ilẹ̀ ló ń lọ? Kí obìnrin pàtàkì wá láti Accra kó wá bá èérí níwájú ilé mi? Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Wo ẹ̀yìn wa, ó ń ro wá."

Lóòótọ́ inú ilẹ̀ ló ń lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí olùyẹ̀wò bá ti rí i ni. Mùnírátù mọ èyí. Ó mọ̀ ọ́n débi pé kò rántí sọ ọ́.

"Ike nọ́ńbà ńkọ́?"

Kí Ayishetu tó dáhùn, ewúrẹ́ kan kọjá, nọ́ńbà mẹ́tàlélógún lọ́rùn rẹ̀.

"Ó wúlò gan-an," ni Ayishetu wí. "Ewúrẹ́ wa kì í sọnù mọ́."

Ìkrìmà fà á lọ sẹ́yìn ọkọ̀. "Má sunkún. Wo òkìtì èèpo tí wọn kò tíì jó yẹn. Àpò tuntun wà lẹ́yìn ọkọ̀, ike náà wà. Èèpo nísàlẹ̀, kí a gbá èédú díẹ̀ tó kù sórí. Ta ni yóò ki ọwọ́ dé ìdí àpò?"

"Ìkrìmà!"

"Wọ́n ní Oyèlọlá lorúkọ rẹ̀. Yorùbá bíi tìrẹ ni. Kúnlẹ̀, kó o ní 'ẹ káàbọ̀ mà'. Ó tán."

Mùnírátù pe Abdul-Mumin. Ó ń gbọ́ tí obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ọ̀gá, àwọn àpò yẹn..."

"Ohun tó bá tọ́ lójú rẹ, ṣe é. Ìwọ ló ni ẹ̀ka náà." Ó pa fóònù.

Ọdún méjì ni Mùnírátù fi retí kí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ ọ́, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ìkòkò gbígbóná lé e lọ́wọ́. Ó mú àpò tuntun kan, ó ṣí ẹnu rẹ̀. Wákàtí kan péré ni wọn ì bá fi ṣe é tán. Ọ̀rọ̀ ọmú tí ìyá rẹ̀ sọ láàárọ̀ sọ sí i lọ́kàn. Ó ká àpò náà.

"Ìkrìmà, lọ lé ewúrẹ́ wá."

Báyìí ni àwọn obìnrin aláṣọ Jímọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lé ewúrẹ́ kiri abúlé. Ẹni tó bá gba ike kan yóò mú un lọ sójú ibi tó da èédú àpò náà sí, Mùnírátù yóò sì yà á ní fọ́tò. Bí eruku bá ti sọ lójú ọ̀nà, á rò pé àlejò ti dé. Mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n rí. Nínú mẹ́sàn-án tó kù, òbúkọ kan ti gbé ọ̀kan lọ sí ọjà, kò sì padà wálé.

Oyèlọlá dé. Obìnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó wọ bàtà kańfáàsì, ó sì mú ọ̀pá irin gígùn kan lọ́wọ́.

"Mà, kí lẹ ń fi ọ̀pá yẹn ṣe?" ni Ìkrìmà bi í.

"Mo fi ń gún àpò dé ìdí ni. O ò lè mọ ohun tí mo ti bá nísàlẹ̀ àpò rí."

Ìkrìmà wúkọ́, ó lọ wo táyà tí kò jò.

Mùnírátù kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó mu omi, àpò kankan kò sí níbí. Wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀, ewúrẹ́ sì ti gbé ike mẹ́sàn-án lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe."

Abdul-Mumin kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ojú, ẹ̀rín sì kú sí i lẹ́nu.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?" ni Oyèlọlá bi í.

"Ibí ni wọ́n bí mi mà. Bàbá àgbà mi ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, o mọ̀ pé mo lè padà sínú ọkọ̀ báyìí?"

"Mo mọ̀ mà."

"Bí mo bá padà ńkọ́?"

"Iṣẹ́ wa tán nìyẹn mà."

Oyèlọlá wò ó títí. "Ẹ fún mi lọ́kọ́."

Àwọn obìnrin mú ike lọ́wọ́, wọ́n ń fi ojú ibi tí wọ́n da èédú sí hàn án. Ó gbẹ́ ibi àkọ́kọ́, èédú wà níbẹ̀. Ó gbẹ́ èkejì, ó wà níbẹ̀. Ní ìkeje, ó gbẹ́ títí, iyẹ̀pẹ̀ pupa nìkan ló ń yọ. Mùnírátù ń ka àsítágífírù sínú. Ìyá arúgbó tó mú ike náà lọ́wọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún ní ìṣísẹ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ibí ni," ló wí. "Ojú mi kò ríran mọ́."

Ibẹ̀ ni lóòótọ́.

Oòrùn ti kọjá àtàrí kí Oyèlọlá tó nu ọwọ́. "Mọ́kànléláàádọ́ta ni mo rí, òun ni n ó kọ. N kò rí èyí tí ewúrẹ́ gbé lọ. N ó kọ ọ́ pé ọ̀gá àbójútó iṣẹ́ ló fi ẹnu ara rẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"N ó sì kọ ọ́ pé òun náà ló sọ fún mi."

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni èsì fi pẹ́, oúnjẹ kò sì dùn lẹ́nu Mùnírátù títí ó fi dé. Iṣẹ́ á máa lọ, alhamdulillahi, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò yóò padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mùnírátù sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí abúlé: "Àlejò ń padà bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbálẹ̀. Ẹ má fọ nǹkan kan. Ẹ má bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ títí á fi rí i."

Ìdáhùn Ayishetu dé kíákíá, ní Hausa, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ: "A gbọ́. Ṣùgbọ́n bi ìyá rẹ wò, ṣé bó ṣe kọ́ ọ láti gba àlejò nìyẹn?"

Sherifatu gbé ṣíbí sílẹ̀. "Obìnrin yẹn, ilé rere ló ti wá."

Mùnírátù tún ń gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, bóyá nǹkan kan wà tó mọ̀ dáadáa, tí kò sì sọ.