Iyọ̀ Lábẹ́ Ọkọ̀ Otylia

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Otylia jẹ́, kó wá sí ilé wa ní ìlú Suwałki ní ọ̀sán oṣù Kínní, kó wo ilẹ̀. Yóò rí bàtà onírun méjì tó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó láwọ̀ ewé. Otylia ló wọ bàtà náà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì.

Àjà kẹrin ló ń gbé, èmi ń gbé àjà kẹta, nítorí náà mo mọ iye ìgbà tó ń gbé omi kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò sí ẹ̀rọ omi kankan níta ilé wa. Ibi ìfọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo sì máa ń tilẹ̀kùn nígbà tí òtútù bá le, ìgbà yẹn gan-an ni iyọ̀ tí wọ́n ń dà láti yọ́ yìnyín ń pọ̀ jù lójú títì. Otylia bá gbé páǹpù àgbékọ́yìn tó fi ń fín oògùn sí igi ápù rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú rẹ̀. Yóò tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, yóò dùbúlẹ̀ lé e, yóò sì máa fín omi sábẹ́ ọkọ̀. Òkè ọkọ̀ funfun fún iyọ̀ bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i, kò tiẹ̀ kàn án. Omi téèyàn pọ̀n sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹrin, ibi tí iyọ̀ ti ń jẹ irin ló yẹ kó lọ.

Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Inú máa ń bí mi sí wọn, torí wọ́n mọ ohun tó ń lé e. Ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò fi òòlù kékeré kan irin abẹ́ ìlẹ̀kùn, ìpẹtà sì ya lulẹ̀.

Ó ní, "Màdáámù, ẹ lọ jó irin yìí, màá fọwọ́ sí i fún yín. Àmọ́ tí iyọ̀ bá tún jẹ ẹ́ títí ọdún tó ń bọ̀, ẹ má wá bẹ̀ mí o."

Otylia jó o. Ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ń dá gbé ní abúlé Borówka, bọ́ọ̀sì kò sì lọ síbẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ yẹn ló fi ń gbé oúnjẹ àti oògùn lọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kùnà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyá ń lọ. Ìyá sì ti sọ pé òun ò ní pẹ́ kú níbẹ̀. Mo gbà á gbọ́.

Ní Sátidé kan, Otylia kò lè dúró kí òtútù rọlẹ̀. Ó fọ ọkọ̀, ó fọ etí ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa jẹun tán, omi ti di yìnyín, ìlẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti dì pa. Búùtù nìkan ló ṣí, ibẹ̀ ló bá ń rá wọlé. Walenty, olùtọ́jú ilé wa, tó ń da iyọ̀ sí àgbàlá láràárọ̀, bá a níbẹ̀. Ẹsẹ̀ Otylia méjèèjì ló kù níta.

"Màdáámù Otylia! Ṣé ẹ fẹ́ jí ọkọ̀ ara yín ni?"

"Ọ̀gá Walenty, ẹ yé rẹ́rìn-ín, ẹ tì mí lẹ́sẹ̀!"

"Ta ní ń fọ ọkọ̀ nínú irú òtútù yìí? Òfin ilé sì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ ọkọ̀ ní àgbàlá."

"Òfin! Iyọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń dà bí ẹni ń se ọbẹ̀ fún ọmọ ogun ńkọ́? Òun ló máa lé ìyá mi kúrò nílé. Oṣù tó ń bọ̀ ni àyẹ̀wò, Ọ̀gá Walenty."

Mo ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. Walenty tì í wọlé jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀rọ omi kan wà ní yàrá abẹ́ ilé, níbi tí mo ti ń rọ omi ìnulẹ̀," ló wí. "Omi gbígbóná wà níbẹ̀. Aago méjìlá ni mo máa ń jẹun, mi ò sì kì í rí nǹkan kan tí mo bá ń jẹun. Àmọ́ ọjọ́ tí yìnyín bá ń yọ́ ni kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì nu rọ́bà ìlẹ̀kùn gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́ o, màmá!"

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, yanrìn ni Walenty ń dà dípò iyọ̀ síbi tí ọkọ̀ náà ń dúró sí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni mo bá Otylia lọ síbi àyẹ̀wò. Ọ̀gá tèṣí ló tún wà níbẹ̀. Ó fi òòlù kan irin lápá ọ̀tún, ó kan tòsì, irin ń dún kó, kó. Kò sí ohun tó já bọ́.

"Ta ló ń bá yín fọ abẹ́ ọkọ̀ yìí?"

"Èmi náà ni."

Ó wo ara ọkọ̀ tó dọ̀tí, ó wo Otylia, ó mi orí, ó sì lu òǹtẹ̀.

Inú ọkọ̀ ni Otylia ti pe ìyá rẹ̀. Etí ìyá ti wúwo, ó máa ń pariwo lórí fóònù, nítorí náà àwa méjèèjì la jọ gbọ́.

"Màámi, ó yege o! Ọdún kan gbáko!"

Ìyá tún bi í léèrè.

"Ṣé ó dá ẹ lójú, Otylia?"

"Òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, Màámi."

"Ó dáa. Ra èbù ọ̀dùnkún tí màá gbìn bọ̀. Mo ti se gbogbo èyí tí mo ní jẹ. Mo rò pé mi ò ní sí nílé nígbà ọ̀gbìn."

Otylia fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Àpò mélòó, Màámi?"

"Kan," ni ìyá wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Rárá o. Mú mẹ́ta wá."