Bí Mo Ṣe Ṣi Àwọn Obìnrin Oníláfún Gbọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí n rò fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí orí mi ti funfun, ta ni mo tún ń tijú fún?

Ìgbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, mo wà nílé bàbá mi ní Igbein, mò ń retí iṣẹ́ ìjọba. Aṣọ ni gbogbo ilé wa ń tà. Èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa, ẹ sì mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ gbéra ga!

Òyìnbó obìnrin kan wá dé sí Abẹ́òkúta, Mísì Ána. Opó ni, ọkọ rẹ̀ kú sílé wọn ní Holland, kò sì bímọ. Ó ta ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó ní àwọn tálákà oko ni òun máa fi owó náà ràn lọ́wọ́. Ó ti ṣe irú rẹ̀ ní Íńdíà kó tó dọ́dọ̀ wa. Ó ń wá ògbufọ̀, wọ́n bá mú un wá bá bàbá mi. Bàbá mi ní kí n tẹ̀ lé e, pé sàárà lobìnrin yìí ń ṣe, ẹni tó bá sì tì í lẹ́yìn máa rí láádá tirẹ̀ gbà.

Abúlé kan lẹ́yìn Papalanto la lọ. Abọ̀rìṣà ló pọ̀ níbẹ̀, àgbẹ̀ paraku sì ni wọ́n. Mísì ní kí n bi àwọn obìnrin pé iṣẹ́ wo ló ń ni wọ́n lára jù. Ìyá Fáṣínà, olórí wọn, ní ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ gbọ́ o, ìyá yìí ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti yíjú sí Mísì! Lóòótọ́ a máa ń jẹ láfún nílé wa, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ ni mo mọ̀ lọ́jà, mi ò bi ara mi rí pé ibo ló ti gbẹ. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀gẹ́, gàárì ló ń wá sí mi lọ́kàn. Mo ní gàárì ni wọ́n ń ṣe, pé rírin ẹ̀gẹ́ ló ń pa wọ́n.

Mísì ní ṣé wọ́n á fẹ́ kí òun mú ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ wá. Mo bi wọ́n. Gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún un títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo ní wọ́n ti gbà, inú wọn dùn púpọ̀.

Ta ló sọ fún mi pé wọ́n gbà? Bí wọ́n bá fún ìyá tó bí mi ní aṣọ tí kò ní í wọ̀ láéláé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló máa fi dúpẹ́. Àwa kì í kọ ẹ̀bùn lójú ẹni tó gbé e wá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, mo gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí n rántí.

Ẹ̀rọ dé. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀, wọ́n sìn wá dé títì. Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn oṣù méjì, adìẹ ló yé sẹ́nu ẹ̀rọ! Ó sàba lé ẹyin rẹ̀, ó ń wò wá bí ẹni pé àwa la ṣi ilé wọ̀. Ẹ̀gẹ́ kankan ò kan irin yẹn rí.

Mísì ò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi. Ó jókòó sórí òkúta, ó ní bóyá òun ti dàgbà jù fún iṣẹ́ yìí, kí n wá ọkọ̀ tó máa gbé ẹ̀rọ náà lọ, òun ò ní í padà síbẹ̀ mọ́. Mo ti ń fura pé ọwọ́ mi lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Mo sáré wá Ìyá Fáṣínà lọ. Etí títì ni mo ti bá òun àtàwọn yòókù. Wọ́n ti da ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi sórí ọ̀dà, kí oòrùn lè gbẹ ẹ́ fún láfún, lọ́rì sìmẹ́ńtì sì ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn! Bí ọ̀kan bá ti fun fèrè, wọn a sá wọgbó, wọn a tún padà wá ṣa òkúta kúrò nínú oúnjẹ. Ìyá Fáṣínà ń tiro. Ó ní lọ́rì ló gbá òun lọ́dún tó kọjá, níbi tí òun ti ń kó láfún nílẹ̀.

Láfún! Ta ló ń rin ẹ̀gẹ́ láfún?

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Ó wò mí, kò jágbe mọ́ mi.

“Ọmọ mi, ẹni tó ti òkè òkun gbé ẹrù wá fún mi, ṣé kí n máa wí fún un pé ẹrù rẹ̀ ò wúlò? Ìwọ tí o gbọ́ èdè wa ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wa máa yé.”

Ká ní ó gbá mi létí ni, kò lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ Mísì, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé ó máa lé mi ni. Ó bi mí bóyá mo jẹ́ kí Ìyá Fáṣínà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní rárá.

Ó ní, “Ó yá, jẹ́ ká lọ, kó wá parí ẹ̀.”

A lọ jókòó tì í. Mísì ní n ò gbọdọ̀ lanu títí ìyá náà á fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó sì sọ̀rọ̀ o! Ohun tó ń fẹ́ ò ju ilẹ̀ kan lọ, tó dán, tó le bíi títì, tí mọ́tò kankan ò lè gùn.

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Mísì ra sìmẹ́ńtì, àwọn obìnrin ru yanrìn láti odò, àwọn ọkọ wọn pò ó. Ẹ̀rọ wa bọ́ sí abúlé mìíràn tí wọ́n ti ń din gàárì, àmọ́ a ní láti dúró kí adìẹ pamọ tán kí a tó gbé e!

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sá láfún síbẹ̀, èmi àti Mísì lọ wò ó. Ilẹ̀ funfun láti ìkángun dé ìkángun. A wá Ìyá Fáṣínà títí, àfi ìgbà tí a rí i lábẹ́ igi, ní ọ̀sán gangan, tó ń hanrun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún wa pé láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú, ìyá òun ò sùn rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá sá láfún, nítorí ta ni ì bá máa ṣọ́ lọ́rì? Mísì ní ká má jí i. A jókòó tì í, mo sì sunkún.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àgbọ́ìgbọ́tán ló bá mi jà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣoore, kó jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é fún sọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fún yín rí lẹ́bùn tí ẹ ò fẹ́, tí ẹ wá dúpẹ́ títí? Àbí ẹ̀yin náà ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnìkan, tí ẹ sì kábàámọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kódà kó gùn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo máa kà á tán kí n tó fèsì.