Kọ́nsólù Orí Ibùsùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọdún tí itan ẹ̀gbọ́n mi kán ni ọdún tí mo gbádùn jù láti ìgbà tí mo ti ń dá gbé. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìgbà wo ni ẹ̀rín pọ̀ jù nínú ilé mi, àwọn oṣù tí obìnrin náà kò lè dìde lọ tọ̀ láìjẹ́ pé mo gbé e ni ọkàn mi máa ń sáré lọ bá.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Bantè la dàgbà sí, bàbá wa sì ń kọ́ni ní kátíkísìmù ní ìjọ Kátólíìkì. Àwa méjèèjì la wọ ilé ẹ̀kọ́, èmi nìkan ni mo parí rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹnì kan ní láti máa bá a lọ sóko, ẹ̀gbọ́n mi ló sì dàgbà jù. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. Lónìí, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Savalou, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbin iṣu àti àgbàdo ní Koko. A kì í jà. A kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí a bá ríra nígbà Kérésì, a ó kíra, a ó béèrè ọmọ, a ó béèrè òjò, ọ̀rọ̀ á tán.

Òjò ló fa jàǹbá náà. Ó ń bọ̀ láti Koko lórí alùpùpù, àpò iṣu wà láàárín òun àti ẹni tó ń wà á. Táyà yọ̀ nínú ẹrẹ̀, alùpùpù náà sì wó lé e lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń wà á kàn bó lára díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n egungun itan ẹ̀gbọ́n mi dá sí méjì. Wọ́n gbé e wá sí ọsibítù ní Savalou, wọ́n to eegun náà, wọ́n fi ẹfun líle tí à ń pè ní pílátìrì dì í láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà Koko títí eegun yóò fi so pọ̀. Bó ṣe di ará ilé mi nìyẹn.

Mo fún un ní ibùsùn mi, mo tẹ́ ẹní tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le. Àjà ló máa ń wò ṣáá. Tí mo bá bi í bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún, á ní, "Díẹ̀ ni," bẹ́ẹ̀ òógùn á ti bo iwájú orí rẹ̀. Mò ń se oúnjẹ, mò ń nù ún lára, mò ń yẹ ìwé àwọn ọmọ wò, ilé á pa rọ́rọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè bá a sọ.

Ohun kan sì wà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa mi. Mo ní kọ́nsólù kan, ẹ̀rọ eré alágbèéká tí èèyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tó ní ojú bíi ti fóònù láàárín, tí bọ́tìnì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Àlòkù ni mo rà á ní Kútọnu. Abẹ́ àwọn ìró mi ni mo ń fi í pamọ́ sí, nítorí èmi yìí kan náà ni mo máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó bá ń ṣeré ní kíláàsì, èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn òbí pé eré orí ẹ̀rọ ń ba ọmọ jẹ́. Màá sọ ọ́ tán, màá délé, màá ti ilẹ̀kùn, màá yọ ọ́ jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ti sùn. Mo jókòó sí ilé ìdáná, mò ń ṣe eré tí mo fẹ́ràn jù, níbi tí ọkùnrin kékeré kan ti ń sáré, tó ń fo ọ̀gbun, tó ń fo iná. Ó já sínú ọ̀gbun lẹ́ẹ̀kan sí i, igbe bọ́ lẹ́nu mi.

"Kí ló ṣe ọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi ló ké láti inú yàrá.

"Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kò sí nǹkan kẹ̀? Orin wo ni mò ń gbọ́ láti ìjẹta? Mo ti rò pé oògùn ọsibítù ló ń kọrin sí mi létí."

Mo gbé e lọ bá a bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ó gbóná díẹ̀," ó ní, "bí ọmọ adìẹ." Ó ní kí n kọ́ òun.

Ọkùnrin kékeré náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ títí ó fi sú u. "Gba nǹkan rẹ. Èmi tí mi ò lè dìde, o ní kí n máa sáré. Ṣé kò síbi tí èèyàn ti lè fara balẹ̀ nínú rẹ̀ ni?"

Mo rántí pé eré oko kan wà nínú rẹ̀, tí ẹni tó tà á fún mi ti fi síbẹ̀. Ó falẹ̀ jù fún mi. Èèyàn á tọ́jú ilẹ̀ kékeré kan, á gbin irúgbìn, á bomi rin ín, á lọ sùn, ilẹ̀ á mọ́. Mo ṣí i fún un, mo lọ fọ abọ́. Nígbà tí mo padà dé, ó ti gbé ẹ̀rọ náà sókè ojú, ó ń bínú.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é."

"Kò roko rí. Ilẹ̀ pẹlẹbẹ ló ń gbin nǹkan sí, kò sí ebè. Kò sí òkété. Òjò ń rọ̀ nígbà tó bá wù ú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín báyìí, ó ní kí n wá kórè. Irú oko wo nìyí?"

"Ẹ jẹ́ kí n pa á, nígbà náà."

"Má fọwọ́ kàn án. Mi ò tíì bomi rin tòmátì mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti dé sáàárín wa. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kì í tíì kí mi káàbọ̀ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ oko rẹ̀ fún mi. Adìẹ inú eré náà ń yé ẹyin ńlá láìjẹ àgbàdo tó. Aládùúgbò rẹ̀ níbẹ̀ ń kí i lójoojúmọ́, kò ràn án lọ́wọ́ rí. Màá ní eré tí kò bá dẹ́rù bà mí, mi ò kà á sí eré. Òun á ní, "Ẹ̀rù tó wà láyé kò tó ọ ni?"

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ náà dá sí i. Ọmọ Mahi, ẹ̀yà tó pọ̀ ní Savalou, ni, ó ń fi Faransé lú Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu àwa ará Bantè. Ó ní òun ní irú ẹ̀rọ yẹn nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́, àti pé bọ́ọ̀lù nìkan ló yẹ kí èèyàn máa gbá lórí rẹ̀. "Mama, eré tí èèyàn ń dá ṣe, tí kò sí ẹni tí èèyàn máa nà, àdúrà ni, kì í ṣe eré."

Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà mi. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò."

Nọ́ọ̀sì ní ta ló tún ń ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí eré wà lórí fóònù. Èmi ni mo bá a jiyàn. Mo ní fóònù jẹ́ ti gbogbo ayé; bí o bá ti fẹ́ fo ọ̀gbun, ọ̀gá rẹ á pè. Bọ́tìnì tòótọ́ sì máa ń dá ìka lóhùn, ojú fóònù kàn ń yọ̀ lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá ní, "Ó dà bí oko tó jìnnà. Bí o bá ti débẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rán ọ níṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ìgbà tí mo dé ilé ìdáná ni ohun tó sọ tó yé mi. Obìnrin tí wọ́n ti ń rán níṣẹ́ láti kékeré, ó ní láti kán nítan kó tó rí ibi tí wọn kò ti lè rán an.

Síbẹ̀, mo ń gbádùn ara mi. Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ akọrin pé àìsàn ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n ráyè wá. Wọ́n ní Ọlọ́run á san án fún mi. Nígbà tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi ń ro bí màá ṣe délé kí n wo bóyá màlúù rẹ̀ inú eré ti bí.

Ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu ni ọkọ rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò. Eruku bo bàtà rẹ̀, ó rù. Ó gbé iṣu kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀, kò wọlé kíákíá.

"Mo gbọ́ ẹ̀rín yín láti ìta," ó ní. "Mo ti rò pé mo ṣi ilé."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó jókòó, ó sọ fún wa pé òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ, pé èyí àbíkẹ́yìn ń béèrè ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti gbọ́ ìró alùpùpù. Ẹ̀gbọ́n mi rọra fi ẹ̀rọ náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò mú un jáde mọ́ lọ́jọ́ náà, kódà lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ. Dípò kí àánú rẹ̀ ṣe mí, ńṣe ni mò ń bínú sí i pé ó wá ba ọ̀sán wa jẹ́.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ọjọ́ pé tí a ó padà lọ bá dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ti di àwọn aṣọ rẹ̀ sínú báàgì láti àárọ̀. Ó ní láti ọsibítù ni òun yóò ti gba Koko lọ. Dókítà wo fọ́tò eegun náà títí, ó wá mi orí. Ó ní kò tíì so bó ṣe yẹ, pé kí ó fara da pílátìrì náà di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi gèlè bo ojú. Mi ò rí i kó sunkún láti ọjọ́ tí a sin ìyá wa. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, kí n tó ráyè dá a dúró, nǹkan kan ti fò sókè fún ayọ̀. Oṣù kan sí i! Mo tẹ orí ba. Gbogbo ẹni tó kọjá lọ́jọ́ náà á ti rò pé ìbànújẹ́ ló tẹ̀ mí lórí ba.

Eegun náà so nígbẹ̀yìn. Wọ́n gé pílátìrì kúrò, ó fi ọ̀pá rìn kiri inú ilé díẹ̀díẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wá mú un lọ. Ilé mi padà pa rọ́rọ́. Mo ṣí oko rẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, mo bomi rin ohun tó gbìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bínú sí adìẹ, mo pa ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo pinnu pé màá fi kọ́nsólù náà ta á lọ́rẹ. Mo wé e, mo gba Bantè kọjá lọ sí Koko lórí alùpùpù. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń bó iṣu. Ó dùn mọ́ ọn láti rí mi. Bí mo ṣe tú ìdì náà, tí mo tàn án, tí orin oko yẹn sì bẹ̀rẹ̀, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ọwọ́ di itan mú.

"Pa á."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín ni. Mo mú un wá fún yín."

"Mo ní kó o pa á. Bí mo bá ti gbọ́ orin yẹn, ibi tó kán yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí bíi ti ìgbà yẹn. Gbé e kúrò níwájú mi, jọ̀ọ́."

Mo pa á. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ máa ń rẹ́rìn-ín."

"Kí ni ǹ bá ṣe?" Ó tún mú ọ̀bẹ, ó ń bó iṣu rẹ̀ lọ. "Bí mo bá ń wo tòmátì yẹn, mi ò ní ké. Ìwọ náà sì ń sáré bọ̀ wálé lójoojúmọ́ nítorí mi. Ṣé kí n wá máa fa ojú ro fún ọ ni?"

Ohun tó ń dùn mọ́ mi láti ọjọ́ yìí, òun ló ń dùn ún. Mo jókòó sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un nípa ọjọ́ tí a lọ bá dókítà, mo bẹ̀rẹ̀, ó dá mi lẹ́nu dúró.

"Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ náà," ó ní. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́ dàgbà. Ojú wo lo ní tí mi ò mọ̀?"

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo mọ̀ pé ìwọ nìkan lo wà nílé yẹn." Ó ju iṣu tó bó sínú omi. "Ó bí mi nínú. Ó bí mi nínú gan-an. Lẹ́yìn náà, ìbínú náà lọ."

Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé ó lọ. Mo tọrọ àforíjì, ó ní kí n dìde lọ bá òun gbé ìkòkò.

Mo gbé kọ́nsólù náà padà sí Savalou. Mo ṣì ń ṣeré lórí rẹ̀, irọ́ ni màá pa tí mo bá ní mo ti fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ṣí eré oko yẹn mọ́. Àwọn Sátidé mìíràn, tí kò bá sí òjò, mo máa ń lọ sí Koko láìmú nǹkan kan dání. Ẹ̀gbọ́n mi á máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó ń tiro díẹ̀, èmi á máa ṣa ẹ̀wà tàbí kí n gbá àgbàlá. Ìgbà mìíràn, ọ̀sán á lọ tán, a ò ní sọ ju ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ òjò lọ. Kò dùn tó ìgbà yẹn. Síbẹ̀, mo ṣì ń lọ.