Àmín Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Bí ẹnìkan bá ti pariwo àmín létí mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Kaneshie ni mo máa ń rántí. Lójú tiwọn, a kì í péjọ rántí òkú kó má jẹ́ fídáù. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí a ń ṣàjọyọ̀ olóògbé òǹkọ̀wé àdúgbò wa ní Darkuman, iwájú ni wọ́n lọ jókòó sí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ibikíbi tí tíṣà tó ń ka ìtàn tí olóògbé kọ bá ti dánu dúró, wọ́n á ní, "Àmín!"

Ó ka ibi tí ọkọ burúkú kan ti ń ṣépè fún ìyàwó rẹ̀: "Ọjà rẹ ò ní tà láé!"

"Àmín!"

Àfi wàì tí wọ́n fò dìde. "Yéè! Tíṣà, ẹ dúró ná! Mo kó àmín mi padà!"

"Àlàájà, ìtàn lásán ni. Obìnrin yẹn ò sí láyé."

"Inú ìwé ni èpè yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ni àmín ti jáde. Ẹ ṣàdúà fún un."

Tíṣà pa ìwé dé. "Ọjà obìnrin yìí á tà o."

Gbogbo wa ṣàmín. Ìyá ọlọ́ṣẹ jókòó, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe.

"Ó ku ọkọ burúkú yẹn. Ẹ ṣépè tiẹ̀ náà, àmín mi ti wà nílẹ̀."